Gbẹ́rẹ́ Ọrùn-ọwọ́ Àbẹ̀kẹ́

Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá, ọmọ ọmọ mi tan tẹlifíṣọ̀n nílé wa ní Peckham níbí, agogo ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan sì dún láti inú fíìmù Òyìnbó àtijọ́. Kí àwòrán tó yọ ni mo ti mọ fíìmù ọ̀hún. Ọ̀bẹ tí mo fi ń gé àlùbọ́sà bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ̀rín ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń pa ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Kò pa àwa lẹ́rìn-ín. Ní fúláàtì Aunty Fúnkẹ́, tó wà nísàlẹ̀ tiwa, la ti wò ó, àwa ọmọ mẹ́fà lórí kápẹ́ẹ̀tì kan, tí òórùn kẹrosíìnì sítóòfù gba gbogbo yàrá, tí omi òtútù ń ṣàn lára fèrèsé. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Aunty Fúnkẹ́, jókòó tì mí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá bíi tèmi ni, kò tíì pé oṣù méjì tó ti Ìsẹ́yìn dé, ó sì ń kúnlẹ̀ kí gbogbo dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì, títí àwọn dẹ́rẹ́bà náà fi ń ṣí fìlà fún un. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Nínú fíìmù náà, àwọn ará abúlé ń wá àjẹ́ kiri. Àmì ara ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Ẹ̀rù bà wá débi pé kò sẹ́ni tó lè mí. Ni èmi aláwàdà bá fa apá súwẹ́tà Àbẹ̀kẹ́ sókè. Gbẹ́rẹ́ mẹ́ta wà lọ́rùn-ọwọ́ rẹ̀, tí ìyá àgbà rẹ̀ sín fún un nítorí gìrì nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́.

"Ẹ wá wò ó o! Àjẹ́ tiwa rèé!"

"Ìwọ ni mo sì máa kọ́kọ́ jẹ!" Àbẹ̀kẹ́ dáhùn, a sì bú sẹ́rìn-ín.

Aunty Fúnkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣínnì. Oyún wọn kejì ti bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú àwa méjèèjì lọ bá pásítọ̀ wọn, nínú ilé ìkẹ́rù kan tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì ní Old Kent Road. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́dọ̀ mi.

"Ọmọ dáadáa, ṣé ó sọ pé òun máa jẹ ọ́?"

Àbẹ̀kẹ́ ń wò mí. "Sọ fún wọn pé eré ni. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn."

Aunty Fúnkẹ́ di èjìká mi mú pinpin. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ebi pa Àbẹ̀kẹ́, wọ́n pè é ní ààwẹ̀. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti dá a padà sí Ìsẹ́yìn. Iléèwé pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọn ò bi ẹnì kan léèrè. Kò sí àgbàlagbà kan tó kọ̀wé sí ìyá àgbà tó sín gbẹ́rẹ́ náà. Àwọn tó sì ṣe èyí, gbẹ́rẹ́ wà lára àwọn fúnra wọn! Wọ́n mọ ohun tó wà fún láti kékeré, fíìmù Òyìnbó ló wá kọ́ wọn ní ìtumọ̀ mìíràn. Èmi náà jẹ̀bi, mi ò yọ ara mi sílẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé ìkẹ́rù yẹn, fúláàtì olówó gọbọi ló wà níbẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ṣì ń gbé àjálù tirẹ̀ ka orí ọmọ tí kò lẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀. Mi ò gbúròó Àbẹ̀kẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì tí mo gbọ́ agogo fíìmù náà, mo lọ bá Aunty Fúnkẹ́, tí orí wọn ti funfun báláú, mo sì sọ fún wọn níkẹyìn pé eré ni. Wọ́n ní kí n má da ara mi láàmú, pé ọmọdé ni mí nígbà náà.

Mo ní, "Aunty, ọmọdé ni Àbẹ̀kẹ́ náà."