Ọjọ́ Tí A Lọ Kí Àrólé

Fíìmù Amẹ́ríkà àtijọ́ kan wà, dúdú àti funfun lásán, tí wọn kì í yéé fi hàn lọ́sàn-án Sunday. Ọmọ olówó kan jogún ilé iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Kò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ tó fi ń lé àwọn tó bá bàbá rẹ̀ dá a sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún fún un ní irunmú tínrín kan, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì rò pé èèyàn rere ni.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ háyà basement, yàrá abẹ́ ilé, ní Forest Lawn ní Canada níbí la jọ wò ó. Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n nílé. Níbí, àwa méjèèjì là ń to páálí nílé ìkẹ́rùsí kan ní Foothills, nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé e kọjá. Bàbá tó nibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ọmọ rẹ̀ ló gbà á. Àwa méjèèjì sì ń retí kí ọ̀gá tuntun yìí fọwọ́ sí lẹ́tà tá a máa fi wá PR, ìwé ìgbélùú. Ti ẹ̀gbọ́n ló le jù, torí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta wà n'Íbàdàn, lẹ́tà yẹn ni wọ́n ń wọ̀nà fún.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n wá wo ọ̀gá wa lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò rẹ́rìn-ín.

"Àbúrò, you don't understand," ló wí. "Bàbá ọmọ yìí kú, ta ló lọ kí i? Email ni gbogbo yín fi ránṣẹ́. Ẹ ò kí ọmọ ọlọ́mọ, ẹ wá ń retí pé kó ṣàánú yín."

Ó yẹ kí n sọ fún un pé ibí kọ́ nilé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni, ta ni mo jẹ́?

Ní Monday, láàárín iṣẹ́, a fi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa yí lọ, ó di ọ́fíìsì ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà òtútù, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, nítorí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀ kì í dúró bí agbowó iná. Ó sọ èdè òyìnbó tó dáa, ó ní ẹni tó bá fi irú ọmọ yìí sílẹ̀ kò kú. Ó wá gbàdúrà. Àdúrà náà gùn, torí àdúrà kúkúrú fún ọlọ́fọ̀, àbùkù ni.

Ọ̀gá dúró kó parí, ó dúpẹ́, ó wá béèrè ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ.

Ẹ̀gbọ́n dé fìlà rẹ̀ padà. Ọ̀gá yíjú sí mi. "And you? You left your station too?"

Mo ní rárá o. Mo ní àkókò ìsinmi mi ni, pé mo kàn wá fi ọ̀nà ọ́fíìsì hàn án ni. Ẹ̀gbọ́n tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé Canada, èmi ni mo wá ń fọ̀nà hàn án.

Ní Wednesday, ẹ̀gbọ́n gba lẹ́tà lóòótọ́. Wọ́n yọ ọ́ níṣẹ́. Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gá fọwọ́ sí tèmi, ó ní òun fẹ́ràn ẹni tó mọ iyì àkókò.

Nínú bọ́ọ̀sì tá a bá lọlé, ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Ṣé ó ti sign tìẹ?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú tì mí, n kò lè wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí níbẹ̀, lójú gbogbo èrò bọ́ọ̀sì, ó ní tèmi ò ní bàjẹ́, pé PR mi á jáde wẹ́rẹ́.

Mo ṣe àmín. Ó sì jáde wẹ́rẹ́.