Sátẹ́láìtì Ní A Ò Sí Nílé

Òórùn òdòdó ọsàn ni àlejò fi ń mọ̀ pé òun ti dé ilé wa ní Ibafo nígbà yẹn. Igi ló bo ilé náà, débi pé o ò ní rí páànù rẹ̀ àfi tó o bá dé ẹnu ọ̀nà. Nínú ìdílé wa, ibi tí wọ́n bá sin ìwọ́ ọmọ tuntun sí ni wọ́n ń gbin igi sí, igi náà a sì di ti ọmọ náà. Igi ọsàn ni tèmi. Èso rẹ̀ kan bí nǹkan míì, síbẹ̀ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú u.

Lásìkò tí fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ mẹ̀kúnnù, tí ilé tuntun ń yọ láti Magboro dé Mowe, òṣìṣẹ́ kan láti ọ́fíìsì ilẹ̀ ìjọba wá bá wa. Ó ní ìjọba fẹ́ gba gbogbo ibi tí èèyàn ò gbé. Ó tẹ́ àwòrán ńlá kan sórí ọkọ̀ rẹ̀, ó ní sátẹ́láìtì ló yà á láti ojú sánmà, pé ẹ̀rọ náà ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí, ó sì ń rí òmíràn tí ojú èèyàn ò lè rí, èyí tó máa ń tàn gan-an lára ewé tútù. Pupa ni wọ́n fi ń kun ibi tó bá ti tàn bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilé wa wà pupa fòò.

“Igbó ni,” ó ní. “Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀.”

Kọ́ọ̀pù omi tí ìyá bàbá mi bù fún un ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀!

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bu omi tó ò ń mu fún ẹ?”

“Màmá, ẹ má bínú. Ohun tí sátẹ́láìtì bá rí ni ọ́fíìsì máa gbà. Wọ́n á tún òmíràn yà lẹ́ẹ̀rùn.”

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni bàbá mi dì mú. Ó gbé àáké, ó gé igi tiẹ̀, ó gé tèmi, ó gé ti gbogbo wa, kí páànù wa lè hàn sókè. Ìyá rẹ̀ wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo ń wọ́ ẹ̀ka dànù, mo sì ń sunkún ìbínú.

Nígbà tí ọkùnrin náà padà dé, àwòrán àtijọ́ ló tún tẹ́. Ó ní ọyẹ́ bo ojú àwòrán tuntun, wọn ò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Inú oòrùn ló dúró sí, ó ń nu òógùn, páànù wa ń dán yanran níwájú rẹ̀, ó sì ń nawọ́ sí pupa inú àwòrán. Wọ́n gba ilẹ̀ náà. Yàrá tá a háyà ní Akute ni ìyá bàbá mi kú sí.

Mi ò bá ẹ̀rọ jà. Ewé ló rí, ewé náà ló sì yà. Ọkùnrin tó mu omi wa ni inú ń bí mi sí títí dòní. Ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé ọwọ́ ara wa la fi gé igi wa, ká lè hàn sí ẹni tó ti rí wa.