Kàlẹ́ńdà tí wọ́n kàn síbi orúnkún

Èmi yìí ni mo lẹ bébà pupa mọ́ ilé Alàájì lónìí!

Wọ́n ń kọ́ àwa ọ̀dọ́ Ìpọ̀nrí bí a ṣe ń yẹ ilé wò lẹ́yìn omíyalé. Bébà aláwọ̀ ewé: ẹ lè máa gbé inú ilé yín. Pupa: ẹ jáde kíákíá!

Ẹ̀gbọ́n Múfú, ẹnjiníà tó ń kọ́ wa, ti fẹ́ fún Alàájì láńlọ́ọ̀dù ní aláwọ̀ ewé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé, ògiri ń dán bí ojú ìyàwó tuntun. Ni mo bá rí kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan níbi orúnkún. Ta ló ń dọ̀bálẹ̀ ka kàlẹ́ńdà?

"Alàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò."

"Má fọwọ́ kàn án o! Kàlẹ́ńdà fìdáù màmá mi ni!"

"Ẹ má bínú sà. Kí ló wá dé tí ẹ gbé màmá kọ́ sísàlẹ̀ báyìí?"

Ẹ̀rín pa Ẹ̀gbọ́n Múfú, wọ́n ṣí i. Yéè! Ògiri ti là débi pé ewúrẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá! Yàrá òkè ibẹ̀ gan-an ni Àǹtí Sìdí, ayálégbé Alàájì, àtàwọn ọmọ ẹ̀ mẹ́ta ń sùn.

Ẹ̀gbọ́n na bébà pupa sí mi. "Ìwọ lo rí i, ìwọ ni wàá lẹ̀ ẹ́."

Kí n tó lẹ̀ ẹ́ tán, Àǹtí Sìdí ti gbé bẹ́ẹ̀dì jáde, ó ń lọ ilé àbúrò ẹ̀.

Alàájì rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n wá rọra pè mí: "Ọmọ yìí, wá bá mi wo yàrá tèmi náà."

Kàlẹ́ńdà mẹ́rin ló wà níbẹ̀!

Ẹ sọ òótọ́: kí ló wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà ilé tiyín?