Máàpù Tí Òjò Bá Wa Parí

Ọjọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ gan-an ni òjò yàn láti rọ̀ ní Ìjurìn. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀, nígbà tí Èkìtì ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọ̀gá ilé-ìwé wa sì ti là á mọ́lẹ̀: bí iṣẹ́ wa kò bá wú alábẹ̀wò lórí, wọn ó yọ jọ́gíráfì kúrò.

"Àwọn ọmọ ń sá fún un, Tísà," ni ọ̀gá wí. "Ẹ óò kúkú máa kọ́ wọn ní Bíbélì."

Inú bí mi. Èmi tí mo fẹ́ràn odò ju oúnjẹ lọ!

Máàpù kan ṣoṣo tí a ní, eku ti jẹ Sókótó kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà èmi àti àwọn ọmọ fi yẹ̀pẹ̀ mọ Nàìjíríà sẹ́yìn kíláàsì, òkè lókè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nísàlẹ̀, a sì gbẹ́ ojú odò. Mo wá sọ fún wọn pé ní Lọ́kọ́jà, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, omi méjèèjì kì í tètè pò. Wọ́n á máa ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀.

"Urọ́ ni, Tísà!" Ìbídùn nìyẹn, ọmọ tó lè bá ògiri jiyàn.

"Ìkógòsì ńkọ́?" mo bi í. "Ṣé omi gbígbóná àti tútù kò pàdé níbẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì Ìbídùn ru ẹfun dé láti Ìjerò, níbi tí wọ́n ti ń wà á. Ó tẹ́ ẹ sí ojú Bẹ́núè, ó da ilẹ̀ pupa sí ti Ọya.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò pé, alábẹ̀wò kò tíì jókòó dáadáa tí ojú ọ̀run fi ṣú.

"Eji í bọ̀ o!" Ìbídùn kígbe.

Òjò dé wìì. Gbogbo wa sá sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Ọ̀gá ń mi orí, èmi náà rò pé ó ti parí. Ìbídùn nìkan ló dúró sínú òjò.

"Tísà, ẹ wá wò ó!"

Omi pupa ń bọ̀ láti apá kan, funfun láti apá kejì. Wọ́n pàdé ní Lọ́kọ́jà, wọn kò pò! Wọ́n jùmọ̀ ṣàn lọ díẹ̀ kí wọ́n tó dà pọ̀, wọ́n sì pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sínú òkun.

Alábẹ̀wò ká agbádá sókè, ó wọnú òjò, ó lóṣòó síbẹ̀.

"Ta ló kọ́ òjò ní jọ́gíráfì?"

"Tísà wa ni!" gbogbo kíláàsì dáhùn.

Wọn kò yọ jọ́gíráfì mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé ti òjò yẹn, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wá ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Lọ́kọ́jà. Ìbídùn dúró létí omi, ó wo àwọ̀ méjèèjì títí, kò jiyàn. Inú mi ń dùn pé mo borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àfi bó ṣe yíjú sí mi.

"Tísà," ó ní, "tiwa lẹ́wà ju èyí lọ."