Ẹṣin Tí Wọ́n Kọ́ Ní Eré Tí Wọn Ò Kọ́ Ní Ìdúró

Àárọ̀ ọjọ́ tí a lò pọ̀ kẹ́yìn, ìyàwó mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Banifandou, ní ìlú Niamey, ó ń fi kọ̀nkọ̀sọ̀ ku èérí jéró. Mo gbé àga mi sún mọ́ ọn, mo ń ka ìwé. Kò gbójú sókè tó fi ní, “Baba wọn, ẹ ti dí oòrùn mọ́ mi lójú.” Mo sún. Láìpẹ́ ó mú ìṣó kékeré kan jáde nínú èérí náà, ó gbé e sókè kí n lè rí i.

“Ẹ wo nǹkan tí wọ́n tà fún wa. Ṣé àgbẹ̀dẹ ló wà nínú ikùn ẹṣin ni?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo padà sídìí ìwé mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ó ní orí ń fọ́ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, ní ilé ìwòsàn, ó ti fi wá sílẹ̀. N kò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Ẹṣin tó ń ku èérí fún ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Òun nìkan ló máa ń fi okùn sí i lọ́rùn, òun ló máa ń fà á jáde láràárọ̀ lọ mumi. Bí òun kò bá sí nítòsí, èmi kì í wọ ibi tí ẹṣin náà wà. Lẹ́yìn ìsìnkú, ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń bi mí: kí ni mo fẹ́ ṣe sí ẹṣin yìí? Àwọn ọmọ wa, tí wọ́n ti ń gbé ní Ìlọrin àti Kútọnu, sọ fún mi lórí fóònù pé kí n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ó yẹ kí n sọ bí ẹṣin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Lọ́jọ́ yẹn ni mo tó mọ irú ẹni tí mo fẹ́, bẹ́ẹ̀ a ti bímọ, a sì ti tọ́ wọn dàgbà kí ọjọ́ náà tó dé.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Aṣọ ni àwọn bàbá mi wá tà ní Niamey, ṣùgbọ́n ìwé gbà mí lọ́wọ́ ọjà. Mo di olùkọ́ èdè Faransé, débi pé Mùsíè ni gbogbo Yorùbá ìlú yìí ń pè mí. Ìyàwó mi ló jogún ọjà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà Wadata. Èdè Zarma ti àwọn onílẹ̀ ló fi ń ná ọjà, Haúsá ló fi ń bú ẹni tó bá ná an ní ìnákúnàá, Yorùbá Ìlọrin ló sì fi ń ṣàdúrà fún un bó bá rà á tán. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó ń gun ẹṣin tẹ̀lé ọba lọ́jọ́ ọdún ní Ìlọrin. Ní kékeré ìyàwó mi, òun ló ń fa àwọn ẹṣin náà lọ sódò. Mo mọ èyí bí ènìyàn ṣe ń mọ ìtàn tí wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀kan. N kò rò pé ó lè wúlò fún ohunkóhun ní Niamey.

Nígbà tí jàmáà mọ́ṣáláṣí wa ní Kalley fẹ́ fi mí jẹ Baba Àdínì, àwọn ọmọ Ìlọrin tó wà láàárín wa ní a kì í wé láwàní fún ènìyàn kó tún fẹsẹ̀ rìn lọ. Wọ́n ní ẹṣin ni n ó gùn láti ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dé ilé àgbà jàmáà. Kẹ̀kẹ́ ni ohun tó ga jù tí mo gùn rí. Ọkùnrin Zarma kan tó ń sin ẹṣin létí ìlú, tí àwọn ìyàwó rẹ̀ jẹ́ oníbàárà ìyàwó mi, ló yá wa ní ẹgbọrọ ẹṣin pupa kan. Ẹṣin náà rẹwà. Iwájú orí rẹ̀ funfun bí ẹni da wàrà sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n mú un wá kí a wò ó, ìyàwó mi yí i ká. Ó fọwọ́ pa á lọ́rùn, ó gbé pátákò rẹ̀ kan sókè, lẹ́yìn náà ó ní kí ẹni tó ni ín mú un sáré kó sì dá a dúró. Ó sáré bí ẹni ń fò. Ìdúró ni kò ṣeé wò: ó ń yí po, ó ń fi orí ja ìjánu.

Ọkùnrin náà ní, “Hajiya, ọmọdé ni. Eré ìkíni ọjọ́ ọdún ni mo kọ́kọ́ kọ́ ọ. Ẹnì kan á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á gbé ọwọ́ sókè, òun á sì sá tọ̀ ọ́ lọ. Ìdúró ló kù.”

Ìyàwó mi kọjú sí mi. “Baba wọn, ẹṣin tí wọ́n kọ́ ní eré tí wọn ò kọ́ ní ìdúró rè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá àgbà ẹṣin fún yín.”

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa, tẹ́lọ̀ kan tó fẹ́ràn àwàdà, bú sẹ́rìn-ín. “Ìyá Ìlọrin, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ kí ọkọ rẹ má lẹ́wà jù ni?”

“Ẹwà ò dùn mí, bàbá. Ẹni tí yóò máa fi òróró pa á lẹ́yìn ni mo ń rò.”

A kò rí ẹṣin mìíràn. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé ọwọ́ sókè níwájú ẹṣin náà. Ìkìlọ̀ yìí kò kéré, nítorí ní Ìlọrin, bí ẹni ọlá bá ń kọjá, ìkúùkù ni a ń gbé sókè láti fi kí i. Ó sọ ọ́ fún àwọn ìyá, ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Ó tọ ìmáàmù pàápàá lọ, ó sọ ọ́ fún un.

Ọjọ́ pé. Wọ́n wé láwàní fún mi, wọ́n sì gbé mi gorí gàárì bí ẹni gbé àpò ìrẹsì sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó ni ẹṣin di ìjánu mú, a bẹ̀rẹ̀ sí lọ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù kékeré Kalley. Àwọn tó ń tajà dìde láti wò wá. Ara mi ti ń balẹ̀. Mo tilẹ̀ ti ń rò ó pé bóyá a bí mi fún ẹṣin gígùn, ìwé ló kàn dá mi dúró.

Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́nà ni àwọn obìnrin wa dúró sí, ìyàwó mi sì wà níwájú wọn. Ó wọ léèsì aláwọ̀ ewé, ó fi ìpèlé funfun lé èjìká. Ojú wa pàdé. N kò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára rẹ̀ rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa. Gbogbo ohun tó ti kìlọ̀ fún ayé ló gbàgbé. Ó di ìkúùkù, ó gbé e sókè gíga, bí wọ́n ṣe máa ń kí bàbá rẹ̀.

Ẹṣin sì jẹ́ ìpè.

Ìjánu já mọ́ ẹni tó dì í mú lọ́wọ́. Mo fi apá méjèèjì gbá ọrùn ẹṣin mọ́ra, mo ń pe orúkọ Ọlọ́run. Àwọn obìnrin túká. Òun nìkan ni kò sá. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró gbọin, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ẹṣin kọ lù ú, ẹṣin yà. Ẹṣin yà; èmi kò yà. Mo ń bá ọ̀nà tí a ń tọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ nínú afẹ́fẹ́ títí mo fi balẹ̀ sórí òkìtì iyanrìn tí wọ́n dà síwájú ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Láwàní mi tú sílẹ̀ gbọọrọ.

Ẹṣin ti kọrí sí ojú títì, níbi tí àwọn takisí àti alùpùpù ti ń sáré. Àwọn ọkùnrin wa gbá tẹ̀lé e pẹ̀lú ariwo. Bí wọ́n ti ń lé e ló túbọ̀ ń ya wèrè. Nígbà náà ni mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi, ohùn tó fi ń dá oníbàárà padà ní Wadata.

“Ẹ dúró! Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹran iléyá kọ́ lẹ̀ ń lé!”

Wọ́n dúró. Ó yọ igbá jéró kan lórí àtẹ obìnrin tó ń ta ọkà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó rìn díẹ̀ sọ́dọ̀ ẹṣin, lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ó yà mí lẹ́nu: ó kẹ̀yìn sí i. Ó lóṣòó sínú iyanrìn pẹ̀lú léèsì rẹ̀, ó ń mi igbá náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, jéró ń dún ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́. Kò wẹ̀yìn. Ẹṣin dúró ní bèbè títì, etí rẹ̀ ń yí síwá sẹ́yìn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé òmíràn. Ó dé, ó na ọrùn kọjá èjìká ìyàwó mi, ó ki ẹnu bọ igbá. Ìgbà náà ni ìyàwó mi tó fọwọ́ kan án. Ó tú ìpèlé rẹ̀, ó so ó mọ́ irin ẹnu ẹṣin níbi tí awọ ìjánu ti já, ó sì fà á wá sọ́dọ̀ mi.

“Ṣé egungun kan ṣẹ́?”

“N kò rò bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ dìde. Ẹ gùn ún.”

“Ìyá wọn, jọ̀wọ́, mo ti jẹ oyè tán. Jẹ́ kí n fẹsẹ̀ rìn.”

Ó gbọn iyanrìn kúrò lára agbádá mi. Ó ní, “Bí ẹṣin bá dá ni…” Ó dákẹ́, ó ń wò mí.

Olùkọ́ ni mí. Ta ló máa bẹ̀rẹ̀ òwe lójú mi tí n kò ní parí rẹ̀? Mo ní, “À á tún un gùn ni.” Ẹnu ara mi ló dá mi lẹ́jọ́, mo sì gùn ún.

Kò fi ẹṣin náà lé ọkùnrin kankan lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á. Ẹnì kan kùn lẹ́yìn, ó ní, “Obìnrin ló máa ṣáájú láwàní ni?” Ìmáàmù wa yíjú sí i. “Ó yá, ìwọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.” Ọkùnrin náà wo ẹṣin, ó wo ìyàwó mi, ó bọ́ sẹ́yìn. Báyìí ni mo ṣe dé ilé àgbà jàmáà, ìbàdí ń ro mí, láwàní wọ́ mi lọ́rùn, mo ń wo ẹ̀yìn obìnrin aláṣọ ewé kan tó ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní gbogbo ọ̀nà. N kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ojú ti ẹni tó ni ẹṣin. Ó ní òun yóò nà án lẹ́gba títí yóò fi gbọ́n, bí kò bá sì gbọ́n, kó lọ máa fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Ìyàwó mi kọ̀. “Èmi ni mo pè é. Ẹni tí a pè tó sì jẹ́, ṣé ẹgba ni a fi ń kí i?” Àwọn méjèèjì jọ sọ ọ́ ní Zarma. N kò bèèrè bí wọ́n ṣe parí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin náà bá wa dé Banifandou.

Ìdúró ló wá fi kọ́ ọ. Láràárọ̀, kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ń mú un lọ sí gbangba tó wà lẹ́yìn àwọn ilé ìkẹyìn. Ó ń gbé ìkúùkù sókè. Bí ẹṣin bá gbéra, á kẹ̀yìn sí i, kò ní fún un ní ohunkóhun. Bó bá dúró, á fún un ní ẹ̀kúnwọ́ èérí. Ó pẹ́ kó tó yé ẹṣin náà. Ìyàwó mi kò bínú sí i rí, ó sì ń bínú sí èmi tí mo bá gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ìpèlé tó fàya díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó lọ́ ọ mọ́ okùn, ó fi ṣe okùn ọrùn fún ẹṣin kó má bàa bó o lára. Nígbà tí àwọn ènìyàn ní Wadata bá fi fídíò ìṣubú mi, tí ẹnì kan fi fóònù yà, ṣe yẹ̀yẹ́ lójú rẹ̀, á ní, “Èmi ni mo bì í ṣubú, èmi náà ni mo gbé e dìde. Kí ni ìyàwó tiyín ti ṣe fún yín?”

Mo ń ronú lórí ìyẹn nísinsìnyí. Àwọn kan wà tí kì í ṣe àṣìṣe, mo sì máa ń yìn wọ́n nínú kíláàsì. Ìyàwó mi ṣe àṣìṣe lójú gbogbo ayé nítorí inú rẹ̀ dùn sí mi, ó tún un ṣe lójú gbogbo ayé, kò sì jókòó ti ìtìjú.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọkùnrin Zarma náà ló ń wá fa ẹṣin jáde fún mi. Á di ọwọ́ mi mú, á ní, “Kala suuru,” bí wọ́n ṣe ń rọni pé kí a fi sùúrù gba ohun tó dé. Nígbà tí òjò ń súnmọ́, tó fẹ́ lọ sí oko rẹ̀ lódìkejì odò, ó bá mi sọ ọ́ ní òtítọ́.

“Mùsíè, ẹṣin tí a so mọ́ ojú kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ á bàjẹ́. Bí o bá lè fi okùn sí i lọ́rùn kí o sì fà á dé ibi omi, tìrẹ ni. Bí o kò bá lè ṣe é, jẹ́ kí n mú un lọ kí n tó lọ.”

Mo ní kó fún mi di ọjọ́ kejì.

Ní àárọ̀, mo jókòó sí ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó, mo ku èérí. N kò rí ìṣó kankan. Mo mú igbá, mo gbé okùn kọ́ apá, mo wọ inú àgbàlá. Ẹṣin wà ní kọ̀rọ̀, ó gbé orí sókè. Mo mi igbá. Kò wá. Mo tún un mì, mo sún mọ́ ọn, ó sì fà sẹ́yìn. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé mo ń tẹjú mọ́ ọn. Mo bá yí ẹ̀yìn mi padà. Mo lóṣòó, orúnkún mi ń dún, mo ń mi igbá, mo ń wo ògiri.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Èémí gbígbóná kan kan ẹ̀yìn ọrùn mi, orí ńlá kan sì gba èjìká mi kọjá wá sínú igbá. Mo jẹ́ kó jẹun. Mo sọ pé Bìsìmílàhì, mo dìde díẹ̀díẹ̀, mo sì gbé okùn náà bọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo tún un gbé. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹṣin náà tẹ orí wálẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ọwọ́ mi lè tó o.

A jáde ní ẹnu ọ̀nà. Bí a ti fẹ́ sọdá sí ibi omi, ọkọ̀ tó ń kó iyanrìn ń bọ̀ pẹ̀lú ariwo. Okùn le lọ́wọ́ mi. N kò fà á. Mo di ìkúùkù, mo gbé e sókè bí ìyàwó mi ṣe máa ń gbé e, ẹṣin sì dúró.

Ọkọ̀ kọjá. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, a sọdá.