Jẹ́sì tó wà lórí okùn

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin n'Ílaròó: jẹ́sì bọ́ọ̀lù ọkọ wọn lórí okùn, omi ń kán lára rẹ̀, bàtà bọ́ọ̀lù lẹ́nu ọ̀nà, ó mọ́ tónítóní.

Inú mi dùn. Ó ti pé ọdún méjì tí ọkọ wọn ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọnu láì wálé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti dé?"

"Ta ló dé? Sátidé Sátidé ni mò ń fọ̀ ọ́. Tí aṣọ ọkùnrin bá wà lórí okùn, kò sẹ́ni tó máa pè mí ní opó."

Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́ta, jáde. Ó kúnlẹ̀ fún jẹ́sì náà.

"Ẹ káàárọ̀, dádì."

Atẹ́gùn fẹ́, apá jẹ́sì mì. Ọmọ náà juwọ́ padà.

Ṣé kí n pe ọkọ wọn, àbí kí n dákẹ́? Ẹ bá mi dá sí i. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀.