Ajá Tó Bá Wa Tún Afárá Ṣe

Ìletò tí mò ń gbé kò jìnnà sí ìlú Zion Pepe béèyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi eléńjìnnì. Orí omi la kọ́lé sí. Pákó la fi tẹ́ ọ̀nà láti ilé dé ilé, afárá la sì ń pè é. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, ẹja àti edé ni mò ń yan tà. N kò sin ajá rí láyé mi. Ajá tó wà lọ́dọ̀ wa, ajá gbogbo ìlú ni. Á jẹ orí ẹja lọ́dọ̀ mi láàárọ̀, á lọ sùn sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì lọ́sàn-án, bó bá sì bu èèyàn jẹ, a ò ní mọ ẹni tí a ó fẹjọ́ rẹ̀ sùn fún.

Ohun tó sọ mí di olùtọ́jú ajá ni pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bímọ sí Kánádà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi yìí ló rí ṣe jù nínú ẹbí wa. Iléeṣẹ́ epo ló bá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Nígbà tó padà wálé, ó kọ́ ilé alájà sórí òpó kọnkéré, ilé kan ṣoṣo tí kì í mì nínú ìletò wa nígbà tí ìjì bá ń jà. Òun náà ni alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ìyàwó rẹ̀, tí mò ń pè ní ìyálé mi nítorí pé ó ti wà nínú ẹbí kí wọ́n tó gbé mi wọlé, fẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun. Ọkọ ní òun náà á tẹ̀ lé e. Wọ́n ní oṣù méjì làwọn máa lò.

Wọ́n pè mí sí pálọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìyàwó, nínú gbogbo ẹbí yìí, ìwọ nìkan la lè fọkàn tán."

Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà nínú ẹbí wọn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo ti ń rò ó pé bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ ìwé ilé. Ìyálé mi wá gbé ajá rẹ̀ lé mi lẹ́sẹ̀.

Ajá náà funfun, ó kéré ju ológbò tó máa ń jí ẹja mi lọ. Irun bò ó lójú débi pé ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní mọ ibi tí orí rẹ̀ wà. Ó ní orúkọ, ṣùgbọ́n n kò ní dárúkọ náà níhìn-ín, torí pé orúkọ ìrìbọmi obìnrin kan nínú ìjọ wa ni. Lọ́jọ́ kejì tí mo gbàṣẹ́, mo dúró lórí afárá, mò ń pe ajá kó wá jẹun. Obìnrin yẹn dá mi lóhùn láti ilé ìdáná rẹ̀ pé òun ti jẹun, kí n má ṣèyọnu. Láti ọjọ́ náà, àtẹ́wọ́ ni mo fi ń pe ajá.

Ọjọ́ méjì gbáko ni ìyálé mi fi kọ́ mi níṣẹ́. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Oúnjẹ inú àpò ni ajá máa jẹ, láago mẹ́jọ àárọ̀ àti láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

"Má fún un lẹ́ja o," ó ní. "Ẹja máa ń da inú ẹ̀ rú."

Mo wo ojú rẹ̀ bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣàwàdà. Ó ní omi inú ọ̀rá nìkan ni kí n máa fún un, pé omi òjò tí a ń gbà sínú dúrọ́mù lè kó àrùn ràn án. Mo bi í pé irú àrùn wo. Ó ní kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tí ojú kì í rí. Mo ní, "Ẹ ṣeun, ìyálé mi." Omi dúrọ́mù yẹn ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́rin dàgbà.

Iṣẹ́ tó kù ni pé kí n máa ya irun rẹ̀, kí n máa tan jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án kí fáànù lè fẹ́ sí i, kí n sì máa mú un rìn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, wọn yóò pè mí lórí fídíò kí wọ́n lè rí i. Inú ilé wọn ni mo sì gbọ́dọ̀ máa gbé, torí pé ajá kì í fẹ́ dá wà.

Kí n má parọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Bí mo bá ti parí ẹja yíyan tèmi, màá wẹ èéfín kúrò lára, màá jókòó sábẹ́ fáànù ajá. Bí mo bá ja ọ̀rá omi, àwo ajá gba ìdajì, èmi náà gba ìdajì. Láago márùn-ún, màá gbé fóònù sí ojú ajá. Ìyálé mi á béèrè bó ṣe sùn, bó ṣe jẹun, bí ìgbẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi náà sùn.

Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran. Màmá àgbà kan tí ilé rẹ̀ wà lápá ìsàlẹ̀ ìlú wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Ó jókòó, ó ń wo ajá bó ṣe ń lá omi ọ̀rá.

"Ọma mi," ó ní, "bí mo bá kú tí mo tún ayé wá, bá mi bẹ Ọlọ́run kó fi mí ṣe ajá ilé yìí."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Màmá yìí ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ogbó ló fún un lọ́pàá. Ihò kan wà lórí afárá, láàárín ilé Ẹ̀gbọ́n àti ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí pákó mẹ́ta ti jẹrà já sómi. Màmá já sínú ihò náà lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. A gbé ọ̀rọ̀ dé ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n, gẹ́gẹ́ bí alága, sọ fún wa pé òun ti kọ̀wé sí ìjọba, pé kí a ní sùúrù. Ó fi bisikíìtì páálí kan ránṣẹ́ sí màmá, ó sì gbà á nímọ̀ràn pé kí àgbàlagbà má máa rìn kiri. Láti ìgbà náà, àwọn ọ̀dọ́ ń fò ó kọjá, àwa tó bá ru ẹrù ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo mú ajá jáde nírọ̀lẹ́. A dé ìtòsí ihò náà, mo sì fẹ́ gbé e, ṣùgbọ́n akàn kan sáré kọjá níwájú wa. Ajá já okùn gbà lọ́wọ́ mi, ó tẹ̀ lé akàn, irun sì bò ó lójú. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn náà ni ìró omi.

Mo sáré dé etí ihò náà. Kánádà ni mò ń rò. Ọkùnrin kan tó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe nínú ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ gbójú sókè wò mí, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀."

Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ajá tí wọn kì í fún lómi òjò mu lúwẹ̀ẹ́ já ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ọkùnrin náà fà á wọlé, ó gbọn ara, ó sì ki ẹnu bọ ẹja tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Kí n tó rí àkàbà sọ̀ kalẹ̀, ó ti jẹ odindi kan tán. Inú rẹ̀ kò dàrú. Ìṣó kan ló ha á ní ẹsẹ̀ iwájú, ibẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀.

Aago márùn-ún kò dúró dè mí kí n wẹ̀ ẹ́. Ìyálé mi yọ lójú fóònù, ó rí ajá tó dúdú fún ẹrẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló ṣe é?"

"Ó já sómi láti orí afárá, ìyálé mi."

Ojú Ẹ̀gbọ́n rọ́ wọlé. "Afárá wo?"

"Ibi tí ẹsẹ̀ màmá àgbà ti kán, Ẹ̀gbọ́n."

"Ihò yẹn ṣì wà níbẹ̀?" Ó béèrè rẹ̀ bí ẹni pé ó yẹ kí ihò náà ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

"Ó wà níbẹ̀. Bóyá ìwé tí ẹ kọ sí ìjọba kò tíì dé."

N kò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà yẹn. Lẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n mo ń gbọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń sunkún nítorí ajá, kì í ṣe ọmọ tuntun o, ìyá ọmọ ni. Wọ́n ní kí n gbé ẹsẹ̀ ajá sókè kí wọ́n rí i. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó rìn síwá, kó rìn sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n pa fóònù.

Ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ kan gúnlẹ̀ láti Igbókọ̀dá pẹ̀lú pákó tútù, ìṣó àti káfíńtà méjì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì iṣẹ́ wọn, afárá láti ilé Ẹ̀gbọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dán. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró. Mo bi àgbà nínú wọn pé apá ìsàlẹ̀ ìlú ńkọ́.

Ó ní, "Ibi tí ajá ń rìn dé ni wọ́n ní ká ṣe, màmá."

Ọ̀rọ̀ yìí kò pẹ́ kó tó tàn. Lọ́jọ́ kejì, màmá àgbà àti obìnrin mẹ́ta láti apá ìsàlẹ̀ wá bá mi. Wọ́n kí mi, wọ́n kí ajá. Màmá ló sọ̀rọ̀: "Ṣé kò wá lè máa rìn dé ọ̀dọ̀ tiwa ni?"

Mo ní màá gbìyànjú. Mo gbé ajá kọjá ibi tó ti bàjẹ́, mo sọ ọ́ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà màmá. Màmá fún un ní orí ẹja. Lọ́jọ́ kejì, n kò ní láti fa okùn mọ́, òun ló ń fà mí. Mo tún bá a gé irun ojú rẹ̀ kó lè máa ríran. Láago márùn-ún, mo ròyìn fún Ẹ̀gbọ́n pé ajá ti fẹ́ràn apá ìsàlẹ̀, bí mo bá dá a padà á jókòó, kò ní rìn. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Orí ẹja nìkan ni n kò mẹ́nu kàn.

Àwọn káfíńtà padà wá. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, pákó tuntun ti dé ẹnu ọ̀nà màmá. Àwọn èèyàn wá ń kí ajá lójú ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń kí ọlọ́lá. Ọkùnrin kan tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kó yà sí ẹ̀yìnkùlé òun.

Mo rò pé mo ti gbọ́n. Ilé ìwòsàn kékeré wa ń jò, nọ́ọ̀sì máa ń fi bẹ́ẹ̀dì wá ibi tí kò tutù. Lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀, mo gbé ajá lọ síbẹ̀ kí nọ́ọ̀sì wẹ ojú ọgbẹ́ rẹ̀ tó ti fẹ́ẹ̀ jinná, mo sì rí i dájú pé aago márùn-ún bá wa níbẹ̀. Èmi àti nọ́ọ̀sì gbé e sí abẹ́ ibi tó ń jò jù. Omi ń kán sí i lórí, mo gbé fóònù sókè dáadáa kí òrùlé lè hàn.

Ìyálé mi wò ó. "Ibẹ̀ dọ̀tí," ó ní. "Má gbé e débẹ̀ mọ́."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì nu ajá gbẹ, ó fa bẹ́ẹ̀dì sẹ́yìn. Títí di òní, òrùlé yẹn ń jò. Ojú tì mí bí mo ṣe ń gbé ajá lọ sílé, torí ó ń gbọ̀n.

Nígbà tí wọ́n ti Kánádà dé, ajá kọ́kọ́ fò mọ́ ìyálé mi. Ìyálé mi gbóòórùn èéfín ẹja lára rẹ̀, ó yí imú padà.

"Ìyàwó, ta ló gé irun ojú ẹ̀?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kó máa rí ibi tó ń tẹ̀."

Ó bu oúnjẹ inú àpò fún un. Ajá wò ó, ó bọ́ síta, ó gba orí afárá lọ sí ilé màmá.

Ní ìpàdé ìlú tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ alága fún afárá. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó sọ̀rọ̀ gígùn. Ó ní òun ń ronú nípa àwọn arúgbó wa nínú òtútù Kánádà, oorun kò kun òun. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Màmá àgbà gbé ọ̀pá sílẹ̀ kó lè ráyè pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ajá.

Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi gbé e lọ sí Àkúrẹ́, sọ́dọ̀ ọmọ wọn ọkùnrin, torí pé wọ́n ní ìletò kò bá a lára mu. Àárò rẹ̀ sọ mí ju bí mo ṣe rò lọ. Mo sọ fún màmá, ó ní òun náà ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí pákó láàárọ̀, bí òun bá sì wo ìta, òun kò ní rí nǹkan kan.

Ẹ̀bùn tí ìyálé mi mú bọ̀ fún mi láti Kánádà ni ẹ̀wù òtútù, ó nípọn bíi mátíràsì, ó ní fìlà lẹ́yìn, ó sì gùn dé orúnkún. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Mo wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá mi, òógùn bò mí kí n tó fa síìpù dókè. Àbúrò ọkọ mi ni mo fún. Òun ló ń lọ sójú òkun ní ìdájí, ó sì sọ fún mi pé láti ìgbà tí òun ti ń pẹja, ọdún yìí ni àyà òun kọ́kọ́ móoru lójú agbami. Àwọn tó kù nínú ọkọ̀ ti ń bi í bóyá ìyálé mi tún máa rìnrìn àjò.